Ọkọ̀ Tí A Ti Pa Kò Tíì Sùn

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ́tò àti awakọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, àyàfi ibi tí ikọ́ ti dí mi lọ́wọ́.)

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Mo kí àwọn mẹkáníìkì tó wà láàárín wa lọ́tọ̀, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lónìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ wo áńkáṣíìfù tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ń tú u. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Ike dúdú ni, ó ní ojú kékeré méjì tí wáyà ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ gbà á níwájú yẹn, ẹ wò ó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́yìn. Kí ẹni tó bá mú un yí i padà, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Ṣé ẹ rí i? Ike yẹn ti yọ́. Ó ti ká kò bí ewé tí iná rà. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ imú, ẹ ṣì máa gbóòórùn jíjó lára rẹ̀ títí di òní.

Inú ọkọ̀ mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ọkọ̀ tí mo máa ń gbé sí abẹ́ yàrá tí èmi àti ìyàwó mi ń sùn.

Báwo ló ṣe jẹ́? Ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọn ò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ ara mi. Ìwé náà ní fáàfù kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnì mi, tó máa ń dá èéfín tó bá há sínú ẹ́ńjìnì padà kó lè jó tán. Wọ́n ní àwọn fi wáyà ìgbóná sí i kó má baà dì nígbà òtútù, pé wáyà yẹn lè ṣe ségesège, kó sì gbiná, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ń rìn, ìbáà jẹ́ ó dúró. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ wá, pé ọ̀fẹ́ ni.

Kí ni mo ṣe? Mo kọ nọ́ńbà fóònù ẹnì kan sí ẹ̀yìn àpòòwé náà, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló lò níbẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, ọkọ̀ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Kò rú èéfín, kò rùn, iná pupa kankan kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní bí nǹkan bá ń ṣe é, màá rí àmì.

Nígbà tí mo lọ níkẹyìn, iṣẹ́ náà kò gba wákàtí kan. Ọmọkùnrin tó ṣe é yọ eléyìí jáde, ó yí i padà lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ó dákẹ́. Mo ní, "Ìgbà wo ló ti ń jó?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ̀? Ó lè jẹ́ láti oṣù tó kọjá, ó lè jẹ́ alẹ́ àná." Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jẹ́ kí n mú un lọ sílé.

Ohun tí mo bá wá lónìí kò ju ìyẹn lọ. Àmì tí mò ń retí, iná fúnra rẹ̀ ni àmì ọ̀hún. Kò sí òmíràn tó máa ṣáájú rẹ̀.

Kí là ń pè ní ìpè-padà?

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá níbí, torí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Ìpè-padà ni kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ jáde wá wí pé, "Nǹkan kan wà nínú ọjà wa tó lè ṣe ènìyàn léṣe, ẹ gbé e padà wá ká tún un ṣe." Wọn ò ní gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Wọn ò sọ pé ẹ ò mọ ọkọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọgbọ́n àtitajà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe máa ń wí, ẹni tó gbà pé kò sí ohun ọ̀fẹ́ lábẹ́ ọ̀run.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ló fi dandan lé e. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣe òfin ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, ọdún 1974 ni wọ́n sì fi kún un pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ ò rí nǹkan? Kó tó di 1974, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀wé sí ọ pé ọkọ̀ tí àwọn tà fún ọ léwu, kí wọ́n sì tún gbowó àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ.

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Wọ́n á ní, "Irú ọkọ̀ kan náà lèmi àti aládùúgbò mi ń lò, àwọ̀ kan náà, ọdún kan náà. Wọ́n pe tirẹ̀, wọn ò pe tèmi. Ṣé wọn ò fẹ́ràn mi ni?" Rárá o. Wọn kì í fi orúkọ ọkọ̀ pè é, nọ́ńbà ṣásí ni wọ́n fi ń pè é. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó, tàbí lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti to ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọdún rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé láàárín oṣù mélòó kan péré ni ẹni tó ń ta fáàfù fún wọn ṣe àṣìṣe. Ọkọ̀ tìrẹ ti jáde kó tó di àsìkò náà, ti aládùúgbò rẹ bọ́ sí i.

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ibi tí mo fẹ́ fìdí kalẹ̀ sí gan-an la dé yìí.

Iná kì í béèrè ju nǹkan mẹ́ta lọ: ohun tó lè jó, ohun tó gbóná, àti atẹ́gùn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ wò ó. Ohun tó lè jó kún ibẹ̀: epo, ọ́ìlì, ike, róbà, òróró búréèkì. Ohun tó gbóná wà níbẹ̀: irin tó ń kó èéfín jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì máa ń gbóná dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígíríìsì. Atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọlé láti iwájú. Gbogbo ohun tí iná ń wá ló ti ń gbé inú ilé kan náà láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀. Kí ló wá ń là wọ́n níjà? Gásíkẹ́ẹ̀tì kan. Róbà kan. Ike tó fẹ́lẹ́. Àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti súìṣì Ford fún yín, torí òun ló yí èrò mi padà pátápátá.

Ọkọ̀ púpọ̀ ló ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ di eré mú lójú ọ̀nà tó jìn, kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Tí o bá tẹ búréèkì, ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ jáwọ́ kíá. Ford wá fi súìṣì kékeré kan sí ibi tí òróró búréèkì ti ń gbára, kó lè máa gbọ́ bí a ṣe ń tẹ búréèkì. Ẹ fojú inú wò ó. Ní apá kan súìṣì yìí, òróró búréèkì. Ní apá kejì, iná mànàmáná. Kí ló wà láàárín wọn? Fíìmù ike kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin.

Gbogbo ìgbà tí o bá tẹ búréèkì, awọ yẹn á tẹ̀, á tún padà. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ tẹ búréèkì kí ẹ tó dé ibí lónìí. Ẹ wá sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá. Bó pẹ́ bó yá, awọ náà á sán. Òróró á ta sí ibi tí iná wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná á máa gba inú òróró náà kọjá, ó ń gbóná, ó ń gbóná, títí á fi ràn.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó le jù. Wáyà tó lọ sínú súìṣì yẹn, ọ̀dọ̀ bátìrì ló ti wá, kì í wo ojú kọ́kọ́rọ́. Bí o bá fẹ́, yọ kọ́kọ́rọ́. Ti ilẹ̀kùn. Wọlé, wẹ̀, sùn. Iná ṣì ń bẹ nínú wáyà yẹn. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń jí lóru tí ọkọ̀ tí wọ́n ti pa láti ìrọ̀lẹ́ ń jó nínú gáréèjì, tí iná sì ń bá ti ọkọ̀ dé ara ilé. Ọkọ̀ tí a ti pa kò tíì sùn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwa la sùn.

Láti 1999 dé 2009, Ford pe ọkọ̀ padà lórí súìṣì kan ṣoṣo yìí léraléra, àpapọ̀ wọn sì lé ní mílíọ̀nù 14. Wọn ò pè wọ́n tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á pe díẹ̀, iná á tún sọ lára àwọn tí wọn ò pè, wọ́n á tún pe díẹ̀ sí i. Kí wá ni àtúnṣe rẹ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wáyà kúkúrú kan tó ní fíúùsì lára ni. Bí iná bá ti fẹ́ pọ̀ jù, fíúùsì á já, ọ̀rọ̀ á parí.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ fíúùsì, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa, mo mọ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ ara wọn, tó jẹ́ pé bí fíúùsì bá já lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi wáyà lásán dè é. Fíúùsì tó já, ó já kí ilé rẹ má baà jó ni. Ìwọ wá lọ fi wáyà dí i lẹ́nu. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà. Ti General Motors náà kọ́ mi lọ́gbọ́n mìíràn. Ẹ́ńjìnì V6 oní-lítà 3.8 wọn ni, tó wà nínú Pontiac, Chevrolet, Buick àti Oldsmobile. Ọ́ìlì ń jò díẹ̀ lára rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì gidigidi, ẹ̀kán ọ́ìlì kan á fò sórí irin èéfín tó ti gbóná. Ẹ̀kán kan. Ìyẹn tó. Wọ́n pe ọkọ̀ wọ̀nyí padà ní 2008, wọ́n tún pè ní 2009. Ní 2015, wọ́n tún pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.4. Kí ló dé? Nítorí pé ọkọ̀ 1,345 tí wọ́n ti tún ṣe ló ṣì gbiná lẹ́yìn àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó wọ̀ yín létí. Wọ́n gba ìwé. Wọ́n lọ. Wọ́n tún un ṣe fún wọn. Ọkọ̀ ṣì jó. Àtúnṣe àkọ́kọ́ tún ike tó di wáyà púlọ́ọ̀gì mú ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ṣì ń jò síbẹ̀. Bí ìwé kejì bá dé, ẹ má sọ pé, "Mo ti ṣe tèmi." Kì í ṣe owó orí tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwé tó dé tí ẹnikẹ́ni kò dìde

Mo ti ro ó bóyá kí n sọ ìtàn yìí tàbí kí n má sọ ọ́. Màá sọ ọ́ ní ṣókí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, àwọn ọmọbìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, ń ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn bọ̀ ní California. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 24, àbúrò jẹ́ ọmọ 20. Wọ́n yá ọkọ̀ ni, Chrysler PT Cruiser. Òróró tó ń jẹ́ kí ìdarí ọkọ̀ rọrùn láti yí ń jò láti inú róbà rẹ̀, ó bọ́ sórí ohun tó gbóná, iná sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdarí kò gbọ́ mọ́. Ọkọ̀ yà sí òdìkejì ọ̀nà, ó kọlu ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn méjèèjì kú.

Àbí ẹ rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé róbà yẹn ń jò? Ó ti tó oṣù kan tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti kéde ìpè-padà rẹ̀. Ìkìlọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ náà yáni. Wọn ò gbé e lọ fún àtúnṣe. Wọ́n nu eruku ara rẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́.

Nígbà yẹn, kò sí òfin kankan ní Amẹ́ríkà tó ní kí ẹni tó ń yáni lọ́kọ̀ kọ́kọ́ tún ọkọ̀ tí wọ́n pè padà ṣe kó tó fi yáni. Ìyá àwọn ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Ọdún 11 ló gbà. Ní ìparí 2015 ni wọ́n ṣe òfin náà, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ọmọ náà pe òfin ọ̀hún. Láti oṣù kẹfà 2016, ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ tó ju 35 lọ tó fi ń yáni kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ tí wọ́n pè padà jáde fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Mo máa ń rántí dúrọ́ọ̀ mi tí mo bá ti rántí ìtàn yìí. Ìwé tó wà lọ́dọ̀ wọn àti ìwé tó wà lọ́dọ̀ mi, kí ni ìyàtọ̀ wọn? Èmi kàn rí ojú rere ni.

Àwọn tó mọ̀ tí wọn ò wí

Ẹnì kan á dìde báyìí á ní, "Ẹ ń dá àwa tó ni ọkọ̀ lẹ́bi, àwọn tó ṣe é ńkọ́?" Ẹ ṣé. Mo ti ń retí yín.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018, ọkọ̀ BMW bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Kòríà Gúúsù, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lójú pópó, lójú gbogbo ayé. Ohun èlò kan ló wà nídìí rẹ̀, tó máa ń tu èéfín gbígbóná lára kí wọ́n tó dá a padà sínú ẹ́ńjìnì. Omi atunilára inú rẹ̀ ń jò, ó ń dà pọ̀ mọ́ ẹ̀dú èéfín, ó ń di ẹrẹ̀ dúdú, èéfín gbígbóná á wá ràn án. Wọ́n pe ọkọ̀ tó lé ní 100,000 padà. Ẹ̀rù bà àwọn ènìyàn débi pé ibi ìgbọ́kọ̀sí kan kò gba BMW mọ́. Ìjọba wá ṣe ohun tí ìjọba kì í sábà ṣe: wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ tí wọn ò tíì gbé lọ fún àyẹ̀wò má rìn lójú ọ̀nà mọ́, nǹkan bí 20,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ìpè-padà ọ̀hún ti kárí ayé, ó ti di mílíọ̀nù 1.6. Ní òpin ọdún náà, àwọn olùwádìí ìjọba ní ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ nípa àbùkù yìí tó sì fi pamọ́, wọ́n sì bu ìtanràn bílíọ̀nù 11.2 wọ́ọ̀nù lé e.

Ní Gúúsù Áfíríkà, Ford Kuga oní-lítà 1.6 ni. Omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnì lára kò yí bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnì gbóná jù, irin orí rẹ̀ sán, ọ́ìlì tú jáde sórí ohun tó gbóná. Ní oṣù kejìlá 2016, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ènìyàn ṣe ni pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò! Fídíò ọkọ̀ tó ń jó ti ń lọ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kìíní 2017 ni wọ́n tó dúró níwájú àwọn oníròyìn pe ọkọ̀ 4,556 padà tààrà. Àyẹ̀wò àti ìpè-padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí a pè wá fún àyẹ̀wò á ní òun á lọ tí ààyè bá yọ. Ẹni tí a sọ fún pé ọkọ̀ rẹ̀ lè jó, á lọ lónìí.

Àmọ́ ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ pàtẹ́wọ́ fún. Kim Gwang-ho ni orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ni ní Hyundai, ó ti lò ju ogún ọdún lọ níbẹ̀. Ní 2016, ó kó ìwé lọ bá àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ní ilé-iṣẹ́ òun kò sọ gbogbo òótọ́ nípa ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní Theta II. Kí ló ń ṣe ẹ́ńjìnì náà? Èérún irin tó kù sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé irin ní ilé-iṣẹ́ ló ń dí ọ̀nà ọ́ìlì. Irin inú ẹ́ńjìnì á máa ha ara wọn gbẹ, ẹ á máa gbọ́ ko, ko, ko, títí ọ̀kan á fi ya ara ẹ́ńjìnì jáde, ọ́ìlì á sì tú sórí iná. Èérún irin o! Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Wọ́n lé Kim kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2020, Hyundai àti Kia gbà láti fara mọ́ ìtanràn tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 210 dọ́là. Ní 2021, NHTSA fún Kim ní ẹ̀bùn tó lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún nírú rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ pa àtẹ́wọ́ yẹn mọ́ díẹ̀, torí ẹ máa nílò ọwọ́ yín láìpẹ́.

Ṣé ẹ rí i pé n kò gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kankan? Síbẹ̀, ẹ̀bi wọn kò pa iná. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jó kò ráyè jókòó ti ẹjọ́.

Ó kù sọ́wọ́ wa

Ẹ yọ fóònù yín. Bẹ́ẹ̀ ni, nísinsìnyí. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ rẹ̀ lórí, kó nawọ́. Mo rí mẹ́rin. Mẹ́rin nínú gbogbo èrò yìí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ mẹkáníìkì, a ò ka tìẹ. Tí ẹ bá jáde níbí, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà. Ẹ fi wá ọkọ̀ yín lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí ti àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ lórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin tó ra àlòkù, tiyín ló ṣe pàtàkì jù. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ lè ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ìwé yín lè ti dé sílé ẹlòmíràn, kó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀ bíi tèmi.

Bí wọ́n bá ní ẹ gbé ọkọ̀ síta, ẹ gbé e síta, kó jìnnà sí ilé àti sí ọkọ̀ mìíràn. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ ní gáréèjì, ẹ san owó rẹ̀, òjò ń pa ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò pa á. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, gáréèjì náà sì wà lábẹ́ òrùlé.

Àwọn mẹkáníìkì wa, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bínú. Bàbá kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá sọ fún mi pé, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ wọn? Ọmọ mi tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe á yọ ọ́, á fi tuntun sí i." Mo ní, bàbá, ibo ni ó ti máa rí tuntun? Ó lè lọ ra irú kan náà gan-an, èyí tó ní àbùkù yẹn, tó ti wà lórí àtẹ látọjọ́ pípẹ́. Àti pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àtúnṣe jẹ́ pípààrọ̀. Ẹ rántí wáyà oní-fíúùsì ti Ford. Ta ló máa ronú kan ìyẹn lójú ẹsẹ̀? Iṣẹ́ mẹkáníìkì yín ni láti sọ fún yín pé, "Bàbá, wọ́n ń pe ọkọ̀ yín." Ẹni tó bá ṣe ìyẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé èéfín yọ lójú ọ̀nà, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ pa ọkọ̀, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀, ẹ rìn jìnnà, kí ẹ pe àwọn panápaná. Ẹ má padà lọ mú báàgì. Ẹ má sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o! Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa nǹkan mẹ́ta tí iná ń béèrè. Ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn ló bu sí i, ojú rẹ̀ ló sì máa gbé sórí rẹ̀. Ọkọ̀ á jó, a ó ra òmíràn.

Àwọn kan á ní mo ń dẹ́rù bani. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè padà kò ní jó láéláé, mo gbà. Tèmi náà kò jó. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń yí ká láàárín yín yẹn, kí ẹ sọ fún mi bí mo ṣe lè mọ̀ pé kò ní jó. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, àwọ̀n là á dẹ dè é. Àwọ̀n tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó ní nọ́ńbà fóònù lẹ́yìn.

Alága ń wo aago, mo ti rí i. Ẹ̀yin tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ máa tò síbí, ìyá tó wọ aṣọ búlúù ló kọ́kọ́ nawọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, fáàfù mi dà? Ọwọ́ ta ló wà? Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà tó ti kọjá ìlà kẹrin. Ẹ dákun, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ níwájú. Mo ń pè é padà.